Ta ni à ń júbà fún ní Àbújá? Ọ̀rọ̀ lórí àwọn onílẹ̀ tí Ọjọ́ Àṣà gbàgbé

Àbẹ̀ní Gwarinpa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ilé ìwé táwọn ọmọ mi ń lọ ṣe Ọjọ́ Àṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó larinrin gan-an. Àwọn ọmọ Yorùbá wọ aṣọ òkè, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀. Àwọn ọmọ Ìgbò gbé àwo obì jáde. Àwọn Haúsá po fúrá, àwọn Tiv wọ aṣọ onílà dúdú àti funfun wọn, àwọn ọmọ Ẹ̀dó fi iyùn ṣe orí lọ́ṣọ̀ọ́. Mo yí gbogbo pápá náà ká, mi ò rí tábìlì àwọn Gbagyi, ẹ̀yà tó ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́, kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, Gwarinpa nilé ìwé yìí wà. Abúlé Gbagyi ò jìnnà sí ọgbà wọn. Téèyàn bá dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á máa wo òrùlé wọn. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò, ó ní àwọn ẹ̀yà táwọn èèyàn mọ̀ dáadáa làwọn mú.

Nígbà tó kan ẹgbẹ́ onílù tiwa, bàbá onídùndún ṣe ohun tó yẹ: ó kọ́kọ́ júbà. Ó júbà Ẹlẹ́dàá, ó júbà àgbà, ó wá fi ìlù sọ pé ìbà onílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Onílẹ̀ wo ló ń júbà fún? Bó bá jẹ́ Ìlá tàbí Ìṣẹ́yìn ni, gbogbo wa mọ onílẹ̀. Níbí ńkọ́?

Ìgbà gbogbo la máa ń sọ pé àṣà ìbílẹ̀ ni Nàìjíríà fi ń yangàn lójú ayé. Ibo làwọn tó ni ilẹ̀ olú-ìlú wà nínú ìyangàn yẹn? Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ṣọlá Lugbe

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ má bínú, èrò tèmi yàtọ̀, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Torí kí ẹ̀yà kankan má baà sọ pé òun ló ni ín ni wọ́n ṣe mú Àbújá. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akinọlá Aguda darí ní 1975, tí Tai Solarin wà lára rẹ̀, wá ibi tó wà láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, tí èrò ò pọ̀ sí, tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀yà ńlá kankan. Oṣù kejì 1976 ni ìjọba Murtala Muhammed gbé òfin rẹ̀ jáde. Ilé gbogbo wa ni. Bí a bá wá ń pe àwọn kan ní onílẹ̀, tí a ń pe àwọn yòókù ní àlejò, irú ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ ní Jos la ń pè wá sílé yẹn.

Kàdúná ni bàbá mi kọ́lé sí. Rògbòdìyàn ọdún 2000 ló lé wa kúrò níbẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí bí màmá mi ṣe da gbogbo aṣọ wa sórí bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì kan, tó sì so ó ní kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ọ̀rọ̀ "ta ló ni ibí" ti máa ń bà mí.

Lọ́yà Wuse

Ṣọlá, ẹ pẹ̀lẹ́ ohun tójú yín rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Pé èrò ò pọ̀ níbì kan kò túmọ̀ sí pé kò sí èèyàn níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán olú-ìlú ni Gbagyi, Koro, Gade, Gwandara, Bassa, Ganagana àti àwọn Ebira kan ti ń dáko lórí ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń sin òkú wọn síbẹ̀. Lára ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara ni wọ́n ti gé e. Ẹ gbọ́ o, Kwara wà níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí òfin ṣe fún wọn. Abala 297 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú wa yìí. Abala 299 ní ká máa lo FCT bí ẹni pé ìpínlẹ̀ ni, síbẹ̀ kò ní gómìnà, kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Sẹ́nétọ̀ kan àti aṣojú-ṣòfin méjì péré ló ní. Abala 147 ní kí ààrẹ mú mínísítà kan, ó kéré tán, láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀. Oṣù kìíní 2018 ni Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ pé ẹ̀tọ́ yẹn kan àwọn ọmọ bíbí FCT náà. Ní 2023 ni wọ́n yan Zephaniah Jisalo, ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí, sípò mínísítà. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín 1999 sí ìgbà yẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí Nàìjíríà rí nígbà tó bá wo dígí, ẹ ka abala 55. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa sọ nílé aṣòfin àpapọ̀, wọ́n sì lè sọ Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá bí ètò bá ti wà fún un. Èdè tó lé ní 500 ló wà nílẹ̀ yìí. Mẹ́ta ni ìwé òfin dárúkọ. Àwa wà nínú mẹ́ta yẹn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dùn wá.

Yétúndé Jabi

Ẹ ṣeun, Lọ́yà. Mi ò mọ̀ nípa abala 55 yẹn rí.

Baba Ọ̀fà Kubwa

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ìwọ Àbẹ̀ní, ìbéèrè tó o bi dára.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo bá dé ibí, kí ìjọba tó kó kúrò l'Ékòó ní oṣù kejìlá 1991. Erùpẹ̀ pupa ni gbogbo ibi tí ẹ ń rí yìí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn ni láti kó gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ síbòmíràn. Nígbà tó yá ni wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ dúró máa dúró. Sabon Wuse tí ẹ máa ń kọjá ní ọ̀nà Kàdúná, àwọn ará Wuse ló wà níbẹ̀. Kubwa tí mò ń gbé yìí náà, ara ibi tí wọ́n kó àwọn onílẹ̀ àárín ìlú wá ni. Orúkọ Wuse dúró sí àárín ìlú, àwọn tó ni orúkọ kó ẹrù wọn lọ. Ẹ lọ wo Garki, Mabushi, Jahi, Utako: abúlé ṣì wà láàárín àwọn ilé gogoro.

Kódà orúkọ Àbújá fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń jẹ́ ẹ. Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Abuja tẹ́lẹ̀, ìlú ọba. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ olú-ìlú lórúkọ, wọ́n mú orúkọ ìlú yẹn fún un, ìlú náà wá ń jẹ́ Suleja. Èmi ò tíì gbọ́ ọ rí nílẹ̀ Yorùbá pé ìlú kan bọ́ orúkọ rẹ̀ fún òmíràn báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa àwọn Gbagyi nìyí. Nígbà tí mo dé, mo máa ń rí àwọn obìnrin wọn láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú igi ìdáná. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, wọn kì í gbé e lé orí. Wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ kan tẹ́ èjìká, ẹrù á jókòó lé e, ọrùn á tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á sì máa rìn bí ẹni tí kò ru nǹkan kan. Mo bi ìyá kan, ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ Haúsá ló túmọ̀ fún mi. Ó ní orí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń di ẹrù lé. Orí ni olórí ara, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn fi ẹrù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Èmi tí mo jẹ́ Yorùbá, tí a ń bọ orí, tí a ń sọ pé orí ẹni là ń bẹ̀, òṣùká ni ìyá mi fi ń ru agbọ̀n lọ sọ́jà Ọ̀fà. Mo dúró, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ohun kan náà la jọ ń bọ̀wọ̀ fún, wọ́n wá bọ̀wọ̀ fún un dé ibi tí àwa ò dé.

Ọmọ Gbagyi Mọ́kọ́lá

Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá, ẹ kú ìrántí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́: Gbagyi ni bàbá àti ìyá mi, Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, Mọ́kọ́lá ni mo dàgbà sí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí i pé mò ń bá yín sọ Yorùbá. Bwari ni mò ń gbé báyìí. Gbagyi la ń pe ara wa. Gwari ni àwọn ẹlòmíràn pè wá.

Kò dùn mí pé wọn ò gbé tábìlì wa kalẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé Nàìjíríà ń ná wa lójoojúmọ́, kò sì mọ̀ wá. Ẹ mú náírà ogún jáde lápò yín. Murtala Muhammed ló wà lójú rẹ̀, ẹni tí ìjọba rẹ̀ sọ ilẹ̀ wa di olú-ìlú. Ẹ yí i padà. Obìnrin tí ẹ rí lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò, Ladi Kwali ni. Gbagyi ni. Láti 2007 ló ti wà níbẹ̀. Náírà ọgọ́rùn-ún àtijọ́ náà, Awólọ́wọ̀ ló wà lójú, Àpáta Zuma ló wà lẹ́yìn, àpáta tí àwọn bàbá ńlá wa sá sí nígbà ogun.

Mo fẹ́ sọ nípa ìyá yìí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ń gba títì Ladi Kwali kọjá ní Wuse Zone 4 láìmọ̀ ọ́n. Kwali ni wọ́n bí i sí, ìdílé amọ̀kòkò. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n nílé wa nìyí: amọ̀kòkò kò ní ẹ̀rọ tí ń yí ìkòkò, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ìkòkò ká. Á gbé ìṣù amọ̀ kalẹ̀, á fi ìkúùkù lù ú láti inú títí yóò fi di ihò, á wá máa fi ẹ̀yìn rìn yí i po, á máa fi amọ̀ tí ó ti yí gùn bí okùn lé e lórí, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde. Ó máa ń fi àfọ́kù igbá ha á kó lè dán. Lẹ́yìn náà ni yóò fín aláǹgbá, ejò, ẹja àti ọ̀ọ̀nì sí i lára. Ààfin ọba Abuja àtijọ́ ni òyìnbó kan, Michael Cardew, ti rí ìkòkò rẹ̀ ní 1950. Cardew ló dá ibùdó ìmọ̀kòkò sílẹ̀ ní Suleja tòní, ìyá náà sì dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1954. Wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE ní 1962. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977, òun tí kò jókòó ní kíláàsì rí. Ó kú ní 1984.

Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ Àbújá lónìí pé ta ni obìnrin inú owó yẹn, á ní "ìyá kan tó ń ta ìkòkò."

Wọ́n gba àwòrán wa, wọ́n gba orúkọ abúlé wa, wọ́n gba àpáta wa fi ṣe àmì orílẹ̀-èdè. Àwa gan-an ló kù tí wọn ò tíì gbà.

Àbẹ̀ní Gwarinpa

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ní náírà ogún nínú báàgì mi ní báyìí. Mo yí i wò. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ná an.

Ọ̀kún Lọ́kọ́ja

Ọ̀kún o, gbogbo ilé.

Ó yé mi dáadáa, ohun tí ọmọ Gbagyi yìí sọ. Ọmọ Yàgbà ni mí, ara àwọn Yorùbá Ọ̀kun. Ní Ìbàdàn, wọ́n ní ará òkè ọya ni mí. Ní Kàdúná, wọ́n ní Yorùbá ni mí. Nígbà tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, a kúrò ní Kwara níbi tí a ti jọ ń sọ èdè kan náà, a di ẹ̀yà kékeré. Kì í ṣe ẹ̀yà kékeré nìkan ló máa ń parẹ́ lójú àwọn tó pọ̀ o. Ẹ̀yin Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, ẹ fún wa ní Ọjọ́ Àṣà Yorùbá ní Àbújá, ijó bàtá ni, orin Ẹ̀gbá ni. Ta ló gbé egúngún Ọ̀kun jáde rí?

Ohun kejì. Èdè Gbagyi àti èdè Tápà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ èdè kó wọn sí abẹ́ òrùlé kan. Tápà wo? Tápà tí í ṣe ìlú ìyá Ṣàngó. Ìtàn Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ sọ pé ọmọ ọba Tápà ni Ọ̀rànmíyàn fi ṣaya. Àwọn Tápà tó lọ tẹ̀dó sí Èkó gbé Ìgunnukó wọn dání, Èkó gbà á, ó sì di ti Èkó. Lónìí, bí Ìgunnukó bá nà gogoro jáde l'Ékòó, kò sẹ́ni tó ń bi í pé níbo lo ti wá. Yorùbá mọ bí a ṣe ń gba àṣà ẹlòmíràn mọ́ra nígbà tí ẹlòmíràn bá bá wa nílé. Ṣé nígbà tí àwa bá wọn nílé ni a ò wá ní mọ̀ ọ́n?

Alhaja Dàda, Nyanya

Àsàláámù aléékúmù. Mo ka gbogbo ẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Òkélele, àdúgbò Dàda níbi tí àwọn ìyá wa ti ń mọ ìkòkò títí dòní. Bí ọmọ Gbagyi ṣe ṣàlàyé fífi ẹ̀yìn rìn yẹn, ojú mi ti rí nǹkan tó jọ ọ́ nílé. Ọkàn mi fà sí ìyá Kwali yẹn gan-an.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbà yìí kọ mí lóminú. Èmi Mùsùlùmí, mi ò lè júbà òkú ọ̀run tàbí ilẹ̀. Àwọn Krìsìtẹ́nì inú wa náà kò ní gbà. Tí a bá ní kí ẹgbẹ́ Yorùbá máa júbà onílẹ̀ níbi ìpàdé, ṣé a ò ní lé àwọn kan jáde?

Baba Ọ̀fà Kubwa

Alhaja, ẹ̀rù yín kì í ṣe asán. Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà ń lọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Èmi kò rí i bí ẹbọ. Bí mo bá dé ilé yín ní Nyanya, mi ò ní jókòó kí n tó kí yín. Kíkí náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ ní "ìbà" kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé "a kí ẹ̀yin Gbagyi tí ẹ gbà wá sí ilẹ̀ yín," òun náà ti ṣe é.

Alhaja Dàda, Nyanya

Èyí tẹ ẹ sọ yìí, Bàbá, mo lè ṣe é. Kíkí ò ṣòro.

Yétúndé Jabi

Ohun tí Bàbá sọ yìí gan-an ni wọ́n ń ṣe ní Kánádà, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Ó ní kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìwé, ní gbọ̀ngàn ìlú, ẹnì kan á dìde, á dárúkọ ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ tí wọ́n jókòó lé. Ọjọ́ kan wà fún wọn láti 1996, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣáájú ọjọ́ orílẹ̀-èdè wọn. Òmíràn tún wà láti 2021, ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, fún ìrántí àwọn ọmọ tí wọ́n fipá kó lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń lù wọ́n nítorí pé wọ́n sọ èdè ilé wọn. Olórí ìjọba wọn tọrọ àforíjì nílé aṣòfin ní 2008. New Zealand náà, èdè Māori ti di èdè ìjọba láti 1987, ọdún tuntun àwọn Māori sì di ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2022.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé dídárúkọ yẹn ń yí nǹkan padà. Ó ní àwọn onílẹ̀ kan gan-an ń bínú sí i: wọ́n ní ẹ ń dárúkọ wa láàárọ̀, omi tí a ń mu ní abúlé wa kò mọ́ títí di alẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra kí ìbà má di ohun tí a fi ń ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Olùkọ́ Minna

Ẹ ṣé é, Yétúndé. Mo ti ń dúró kí ẹnì kan mẹ́nu kan èdè.

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Minna. Gbagyi pọ̀ ní kíláàsì mi. Bí mo bá ní kí ọmọ kan ka oókan sí ẹẹ́wàá ní èdè ìyá rẹ̀, Haúsá ni yóò fi kà á, tàbí kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn òbí wọn ń bá wọn sọ Haúsá nítorí pé Haúsá ni ọjà, wọ́n ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fipá gba èdè lẹ́nu wọn bíi ti Kánádà, síbẹ̀ ó ń lọ.

Àwa Yorùbá ló yẹ ká lè sọ̀rọ̀ jù lórí èyí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọdún mẹ́fà: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbà wá títí di 2022 kí ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí i pé èdè ìyá ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025 ni wọ́n fagi lé e, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ. Kò sí ìwé Gbagyi ní kíláàsì mi kí òfin yẹn tó dé, kò sí lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òfin wà, mo ní ohun tí mo lè fi bèèrè.

Ọjọ́ Àṣà dára. Àmọ́ ọmọ tó wọṣọ ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí kò gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ sí òun, kí la ti fún un?

Ṣọlá Lugbe

Mo ti ń kà láti àná, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ò bú mi. Ọ̀rọ̀ Ladi Kwali wọ̀ mí lára. Mo gbà nípa kíkí onílẹ̀. Mo gbà nípa èdè.

Ibi tí mo ṣì dúró sí ni èyí: ní ọdún 2000, ẹnu lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ pé "ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ibí." Mo kọ́lé kékeré sí Lugbe. Tí ìjọba bá gbà lọ́la pé Gbagyi ni onílẹ̀ Àbújá, kí ni èmi yóò jẹ́? Lọ́yà, ẹ dá mi lóhùn lórí èyí.

Lọ́yà Wuse

Ìbéèrè gidi ni. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ̀rù yẹn ń bà. Ìjọba wa náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án 2007, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ìkéde ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin kọ̀ ọ́: Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand. Mọ́kànlá ní àwọn ò dá sí i, Nàìjíríà sì wà lára mọ́kànlá yẹn. Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà ni pé bí a bá ní àwọn kan ni ọmọ ìbílẹ̀, orílẹ̀-èdè yóò fọ́. Àwọn mẹ́rin tó kọ̀ ọ́ ti yí ohùn padà lẹ́yìn ìgbà náà, Kánádà tí Yétúndé sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára wọn, kò sì sí èyí tó fọ́ nínú wọn.

Ní tiyín, abala 43 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti ní ilé níbikíbi ní Nàìjíríà. Kò sí ohun tí ọmọ Gbagyi bèèrè níbí tó fọwọ́ kan ilé yín. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni owó gbà-má-bínú fún oko tí ìjọba gbà lọ́wọ́ wọn, ipò nínú ìjọba, ilé ìwé, omi ní abúlé, àti kí orúkọ wọn wà nínú ìtàn ìlú. Ìjọba ló jẹ wọ́n ní gbèsè yẹn.

Ọmọ Gbagyi Mọ́kọ́lá

Lọ́yà ti sọ ọ́ dé ibi tí mo fẹ́. Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, ọmọ Gbagyi tí wọ́n kó kúrò ní abúlé rẹ̀, ó mọ bí ó ṣe rí láti di aṣọ sínú bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì. Ẹ má bẹ̀rù wa.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kí wa, tó fẹ́ dárúkọ, àwọn ọba ilẹ̀ yìí nìyí: Ọna ti Abaji, Etsu ti Kwali, Gomo ti Kuje, Esu ti Karu, Esu ti Bwari, Sapeyi ti Garki. Mi ò dárúkọ gbogbo wọn tán. Wọn kì í ṣe Gbagyi nìkan. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ará abúlé tó sún mọ́ yín jù, wọ́n á sọ ti àdúgbò yín. Tí ẹ bá ń ṣe àríyá, tí ẹ sì fẹ́ kí àwọn oníjó wa wá, ẹ pè wá, kí ẹ sì sanwó fún wọn bí ẹ ṣe ń sanwó fún onílù yín. Àwọn kan máa ń pè wá wá jó lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á ní a fẹ́ gbé àṣà yín lárugẹ.

Baba Ọ̀fà Kubwa

A gbọ́ o, ọmọ mi. Ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀fà ń pàdé ní Kubwa lópin oṣù yìí. Èmi ni alága. Màá fi ọ̀rọ̀ yìí sórí ètò, kì í ṣe ní ìparí tí gbogbo èèyàn ti fẹ́ máa lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ni. A ó rán àwọn méjì lọ kí olórí abúlé kí ọjọ́ náà tó pé, pẹ̀lú obì àti ohun mímu, bí ó ti yẹ kí a ti ṣe nígbà tí a kọ́kọ́ dé. Owó oníjó yóò wà nínú ìṣirò. Olùkọ́ Minna, kọ orúkọ ìwé èdè Gbagyi tó bá wà fún wa, bó tiẹ̀ jẹ́ ti ìjọ tàbí ti ìtumọ̀ Bíbélì, a ó rà á fún ilé ìwé kan.

Olùkọ́ Minna

Màá fi ránṣẹ́ sí yín, Bàbá. Ẹ ṣeun.

Ṣọlá Lugbe

Lọ́yà, ẹ ṣé, ẹ ti dá mi lóhùn. Baba Ọ̀fà, tí ẹ bá gbà mí láàyè, màá wá sí ìpàdé yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà. Mo ní ọkọ̀; mo lè gbé àwọn tó ń lọ kí olórí abúlé.